Ta ló ń parọ́, fóònù ni àbí tíkẹ́ẹ̀tì?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Oníbàálù, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà l'Ọjà Ọba, l'Óṣogbo níbí. Ọmọ mi bímọ l'Abuja, mo fẹ́ lọ bá a wẹ ọmọ. Ọmọ-ọmọ mi àgbà wo fóònù, ó ní láti pápákọ̀ Ìkẹjà dé ti Abuja tó 510 kìlómítà, bàálù sì máa ń sá 800 ní wákàtí kan. Mo ṣírò rẹ̀, ìṣẹ́jú 38 ni mo rí. Tíkẹ́ẹ̀tì ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Ta ló ń parọ́? Ṣé kí n kúkú gba Ìlọrin lọ?
Ìyá Aláàdìrẹ

ÌDÁHÙN: Ìyá, ẹ kú ewu ọmọ. Ọdún 22 ni mo fi ta tíkẹ́ẹ̀tì n'Íkẹjà, àwọn tó ṣírò bíi tiyín kò pé mẹ́wàá.

Kò sẹ́ni tó parọ́. 510 yẹn, bí ẹni ta okùn gbọọrọ láti pápákọ̀ kan sí èkejì ni; ojú títì ju 700 lọ. 800 náà, ó di ìgbà tí bàálù bá gòkè tán kó tó sá a. Ṣùgbọ́n aago tíkẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tó ti kúrò ní ìdúró. Á máa wọ́ bí ìgbín lọ síbi tí yóò ti fò, bí mẹ́ta bá wà níwájú, á tò sẹ́yìn wọn. Kò sì ní í pẹ́ lókè: bó bá ku nǹkan bíi 150 kìlómítà sí Abuja, awakọ̀ ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nìyẹn. (Ẹ tiẹ̀ dúpẹ́ pé Abuja lẹ ó bà sí. Ní 2017, wọ́n tì í fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nítorí àtúnṣe, Kaduna ni bàálù ń já èrò sí, wọ́n á tún wọ mọ́tò.)

Ìlọrin sí Abuja kò ju bíi 310 kìlómítà lọ, síbẹ̀ bàálù á lò tó ìṣẹ́jú 50. Ẹ fi 200 kìlómítà dín in, ẹ ò rí ju bí ìṣẹ́jú 25 gbà. Ẹ̀yin aláàdìrẹ ṣáà mọ̀ ọ́n: ìkòkò aró kì í bèèrè bóyá aṣọ kan lẹ fẹ́ rẹ tàbí mẹ́wàá kó tó gba ọjọ́ tirẹ̀. Wíwọ́ nílẹ̀, gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀, iye kan náà ni wọ́n ń gbà.

Ilé yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, Ìyá. Òṣogbo sí Ìlọrin kò ju nǹkan bí 100 kìlómítà lọ. Sí Ìkẹjà ju 200 lọ, ẹ ó sì kọjá ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kìlọ̀ fún èrò, lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo kúrò l'Ókè-Fíà, l'Óṣogbo, láago márùn-ún ìdájí fún bàálù aago mọ́kànlá. Ìbàfò, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ni aago mọ́kànlá ti lù mọ́ mi lórí, èmi àti igbá irú tí mo gbé fún àbúrò mi. Gbogbo mọ́tò ló mọ̀ pé irú wà níbẹ̀.

Ìlọrin ni ẹ gbà, ní tèmi. Àléébù rẹ̀ ni pé bàálù ibẹ̀ kò pọ̀ bíi t'Èkó. Bí wọ́n bá fagi lé tọjọ́ náà, ó lè di ọ̀la. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, tí wọ́n sábà máa ń fagi lé e, ẹ má ṣe ṣètò ìkómọ mọ́ ọjọ́ tí ẹ ó wọkọ̀. Àgbo inú ike, inú ẹrù tí wọ́n ń wọ̀n ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ sì dè é dáadáa. Ẹ bá mi kí ìyá ìkókó.