Ṣé àgbo tàbí ìdóṣù ló sọ Wifredo Lam di ayàwòrán?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ọmọ mi ọkùnrin ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní yunifásítì, ọdún kejì rẹ̀ nìyí. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń tẹ̀lé ọkùnrin kan lórí WhatsApp tó ní òun ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní surrealism, ìyẹn àwòrán tó dà bí àlá. Ọkùnrin yìí ní ẹni tí kò bá mu àgbo ìlajú, tí kò sì dóṣù, kò lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láéláé. Ó ní adóṣù Ṣàngó ni Wifredo Lam ará Cuba, àti pé ìgbà tí òrìṣà gùn ún ló kun èyí tó lókìkí jù nínú àwòrán rẹ̀. Owó tó ń gbà kì í ṣe kékeré. Ọmọ náà kì í sùn lóru mọ́, wọ́n ní kó máa ṣọ́nà títí yóò fi rí ìran. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ nìyí? Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, níbo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú wàhálà ọmọ, ìyá wa. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Kí n tó sọ̀rọ̀ àwòrán rárá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn sùn lálẹ́ òní. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì lè mọ ohun tó wà nínú àgbo tí n kò rí. Ṣùgbọ́n bó bá ti mu nínú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ti ń yàtọ̀, tàbí tó ń gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ọsíbítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíákíá, kẹ́ ẹ sì mú ìgò àgbo náà dání kí wọ́n lè rí i.

Surrealism kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìran rírí. Ẹgbẹ́ àwọn akéwì àti ayàwòrán ni, ní Paris, tí wọ́n ń wá ọ̀nà tí ohun tó wà nísàlẹ̀ ọkàn ènìyàn yóò fi jáde kí làákàyè tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. N ó padà sórí wọn. Ọ̀rọ̀ Lam ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yanjú, nítorí irọ́ yìí ti dé etí mi léraléra, ó sì ń bí mi nínú. Orúkọ òrìṣà wa ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì ń fi iṣẹ́ ọkùnrin kan tó ṣe làálàá fún ọ̀pọ̀ ọdún polówó ọjà wọn.

Wifredo Lam kò dóṣù. Ẹni tó jẹ́ olórìṣà ni ìyá ìsàmì rẹ̀, Mantonica Wilson, tí wọ́n mọ̀ ní Sagua la Grande sí ìyá Ṣàngó tó tún ń wo aláìsàn. Ìlú yẹn, láàárín àwọn oko ìrèké ní Cuba, ni wọ́n bí Lam sí ní 1902, ọdún 16 péré lẹ́yìn tí òfin fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Ará Ṣáínà ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Áfíríkà, ẹ̀jẹ̀ Spéènì sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ náà dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ ìlù àti ojúbọ, ó rí i, ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe é fún un.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà San Alejandro ní Havana ló lọ ní 1918. Ní 1923 ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Spéènì, ó sì kọ́ṣẹ́ ní Madrid lọ́dọ̀ Fernando Álvarez de Sotomayor, ọ̀gá ilé àkójọ àwòrán Prado. Ọ̀gá yìí kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn àṣà tuntun. Bí ojú ènìyàn ṣe rí gan-an ló ń kọ́ wọn láti yà. Lam ń ya ojú àwọn èèyàn kó lè rí owó jẹun, ó sì ń lọ sí Prado láti wo iṣẹ́ Bosch, Bruegel àti Goya. Ẹ ní kí ọmọ yín wá àwòrán Bosch wò: èso tó tóbi ju ènìyàn lọ, ẹ̀dá abiyẹ́ tó ń gbé ènìyàn mì, ara ọkùnrin kan tó dà bí ẹyin fífọ́. Ní 1516 ni Bosch kú. Ẹnikẹ́ni kò tíì máa pe ohunkóhun ní surrealism nígbà náà.

Nǹkan bí ọdún 15 ni Lam lò ní Spéènì, ojú rẹ̀ sì rí nǹkan níbẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa Eva ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn kékeré ní 1931. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́, ó dúró ti ìjọba Olómìnira, ó ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìjà títí kẹ́míkà ibẹ̀ fi dá a dùbúlẹ̀. Ní 1938 ó dé Paris pẹ̀lú lẹ́tà kan sí Picasso, ayàwòrán olókìkí, Picasso sì fà á mọ́ra. Bí ẹ bá wá ka ọdún láti ìgbà tó wọ San Alejandro títí di 1942, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ La Jungla, ìyẹn àwòrán tí ọkùnrin WhatsApp yẹn ń tọ́ka sí, ọdún 24 ni. Ọdún 24 pẹ̀lú léèdì àti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Èyí ni ọkùnrin yẹn yọ kúrò nínú ìtàn, tó sì fi àgbo dípò rẹ̀.

Àwòrán náà fúnra rẹ̀ tú irọ́ yìí. Ó ga ju mítà méjì lọ, ó sì fẹ̀ ju mítà méjì lọ. Orí pépà ni Lam ti kùn ún, kí wọ́n tó lẹ pépà náà mọ́ kánfáàsì. Ẹ̀dá mẹ́rin ló fún pọ̀ sínú rẹ̀, ojú wọn dà bí ère tàbí bí oṣù tuntun, ẹsẹ̀ wọn tóbi rẹpẹtẹ, ọwọ́, ọmú, ìdí àti ewé sì wọnú ara wọn débi pé o kò ní mọ ibi tí ènìyàn parí sí. Ìrèké ló tò lẹ́yìn wọn láti òkè dé ilẹ̀, itan àti apá àwọn ẹ̀dá náà sì nà gbọnrangandan bíi ti ìrèké. Lápá ọ̀tún lókè, ọwọ́ kan mú àlùmọ́gàjí dání. Ẹni tó bá ti gbìyànjú rí láti to ẹ̀dá mẹ́rin sórí pépà kan ṣoṣo, tí ojú olùwòran kò sì rí ibi sinmi, yóò mọ̀ pé ẹni tó ń ronú, tó ń pa á rẹ́, tó tún ń yà á, ló lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí ìrèké fi wà níbẹ̀ kò farasin: nítorí ìrèké ni wọ́n ṣe kó àwọn ènìyàn wa kọjá òkun lọ sí Cuba. Lam sọ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun fẹ́ kí iṣẹ́ òun dà bí ẹṣin onígi tí àwọn jagunjagun fara pamọ́ sí wọ ìlú Troy, kó lè da oorun àwọn aninilára rú. Èrò rẹ̀ nìyẹn, ó mọ̀ ọ́n, ó sì sọ ọ́. Museum of Modern Art ní New York ra àwòrán náà ní 1945. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀gbẹ́ ibi tí àlejò ti ń bọ́ kóòtù sí ni wọ́n gbé e kọ́, ó sì ń dùn mí dòní.

N kò sọ pé òrìṣà kò sí nínú iṣẹ́ Lam o. Ó wà níbẹ̀ gbangba. Nígbà tó padà sí Cuba ní 1941, ó ń bá Lydia Cabrera rìn, obìnrin tó ń ṣèwádìí ẹ̀sìn àwọn Lukumí, àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún, wọ́n sì jọ ń lọ wo ìbọ. Orí kékeré roboto tó ní ìwo nínú ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀, Ẹlẹ́gbára ni. Obìnrin tó ní orí ẹṣin, ẹlẹ́gùn ni, ẹni tí òrìṣà fi ṣe ẹṣin. Ẹ̀yin náà kò nílò kí n túmọ̀ ìyẹn. Ṣùgbọ́n Lam jókòó ó wo ẹlẹ́gùn, ó padà sílé, ó yà á, ó tún un yà lọ́nà púpọ̀. Cabrera ló tilẹ̀ sọ àwọn kan nínú àwòrán náà lórúkọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fi orúkọ òrìṣà tó wà lára àwòrán ṣe ẹ̀rí pé Lam dóṣù kò mọ ohun tó ń sọ.

Ayàwòrán tó wọ awo lóòótọ́ ti wà rí, nítòsí wa níhìn-ín: olóògbé Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà ti Òṣogbo. Graz àti Vienna ní Austria ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì ti ń ya àwòrán tó dà bí àlá ní àwọn ọdún 1940, kó tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1950. Iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí awo tó bá a. Bí ọmọ yín bá fẹ́ ìdóṣù nítorí ìgbàgbọ́ tirẹ̀, n kò ní ẹnu láti sọ nínú ìyẹn. Àwọn àgbà olórìṣà ni kẹ́ ẹ lọ bá. Àmọ́ kó má ṣe é nítorí pé ó fẹ́ mọ àwòrán yà.

Ó wá ku ti àgbo àti àìsùn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ní 1916, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, André Breton, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Saint-Dizier, ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn sójà tí ogun ti da orí wọn rú ló ń tọ́jú. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń ti ẹnu wọn jáde, ó sì ń ronú sí ohun tí Freud, dókítà ará Austria, sọ nípa àlá. Ní 1919, òun àti akéwì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Philippe Soupault, jókòó, wọ́n ń kọ ohunkóhun tó bá wá sí wọn lọ́kàn kíákíá, láìdúró tún un ṣe. Pẹ́ẹ̀nì àti pépà ni ohun èlò wọn. Ní October 1924 ni Breton tẹ ìwé ìkéde jáde, tí surrealism sì di ẹgbẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 1919 àti 1924 kan ọmọ yín gan-an. Láti September 1922, Breton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pàdé lálẹ́, wọ́n ń pa iná, wọ́n ń di ọwọ́ ara wọn mú, àwọn kan á sì sùn lọ bí ẹni tí nǹkan gbé, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Robert Desnos, akéwì kan nínú wọn, ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Nígbà tó yá, Desnos mú ọ̀bẹ lé Paul Éluard, akéwì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lálẹ́ mìíràn, wọ́n bá àwọn mélòó kan nínú wọn ní yàrá níbi tí wọ́n ti fẹ́ pokùn so. Breton fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, ní 1923, ọdún kan ṣáájú ìwé ìkéde. Àwọn tó dá surrealism sílẹ̀ dán irú èyí wò, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n sì pa á tì. Ohun tí wọ́n pa tì ni ọkùnrin yẹn ń tà.

Wọ́n á sọ fún yín pé Antonin Artaud, ọ̀kan nínú wọn, ń lo òpíọ́mù. Òótọ́ ni. Àìsàn ló mú un dé ìdí rẹ̀, kò sì rí i fi sílẹ̀ mọ́. Láti 1937 sí 1946, ilé ìwòsàn ọpọlọ ló wà. Kí wọ́n fi ìyẹn kún ìtàn tí wọ́n ń sọ.

Ní ti ibi tó máa ti bẹ̀rẹ̀, kó gbé pépà lé pákó ilẹ̀ tàbí ara igi tó ṣá, kó fi léèdì ha á lórí, kó wo ohun tí àmì rẹ̀ jọ, kó sì ti ibẹ̀ yà á. Max Ernst, ayàwòrán kan nínú ẹgbẹ́ náà, ló bẹ̀rẹ̀ èyí ní 1925. Tàbí kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ká pépà sí mẹ́ta: ẹni kan á ya orí, á ká a bo, èkejì á ya àyà láìrí orí, ẹ̀kẹta á ya ẹsẹ̀. Àwọn ará Paris ṣe é gan-an. Ní ìgbà òtútù 1940 sí 1941, nígbà tí wọ́n sá fún Hitler dé Marseille tí wọ́n ń dúró de ìwé ìrìnnà, Lam wà láàárín wọn ní ilé kan tó ń jẹ́ Villa Air-Bel, wọ́n jọ ń ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láti fi pa ìrònú rẹ́. Inú àwọn ìwé tó ń yà sí níbẹ̀ ni àwọn ẹ̀dá rẹ̀, ìdajì ènìyàn, ìdajì ewé, ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú.

Kó fi ìwé kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kó kọ àlá rẹ̀ sílẹ̀ bó bá jí. Ẹni tí kò sùn kò lè rí àlá kọ. Lójoojúmọ́, kó ya ọwọ́ ara rẹ̀, ewé ẹ̀gẹ́, ojú yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń dáná, kó sì gbé e fún olùkọ́ rẹ̀ ní yunifásítì wò.

Bí owó yẹn kò bá tíì kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ má san án. Bí ẹ bá ti san án, ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ orí WhatsApp náà àti ìwé báńkì, kẹ́ ẹ mú wọn lọ bá agbẹjọ́rò tàbí ọlọ́pàá tẹ́ ẹ fọkàn tán. N kò lè ṣèlérí pé owó á padà. Bí ọkùnrin náà bá ní kó wá pàdé òun níbi kankan, kí ọmọ yín má dá lọ.