Kí ni tiramisù ń sọ, ibo ló sì ti wá?

Ẹnìkan béèrè ìtumọ̀ orúkọ tiramisù, ìpápánu dídùn kan nílẹ̀ Ítálì, ó sì tún béèrè bóyá òótọ́ ni pé ilé aṣẹ́wó ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é.

"Fà mí sókè" ni orúkọ náà ń sọ. Ìtàn ilé aṣẹ́wó wà lẹ́nu àwọn ará Treviso, ìlú kan ní ẹkùn Veneto, àríwá ìlà-oòrùn Ítálì: wọ́n ní ìyá tó ni ilé náà ló ń gbé e fún àwọn oníbàárà kí agbára wọn lè padà. Èmi ò gbà á gbọ́, nítorí àṣà kan wà ní Treviso tó ti tú orúkọ náà tán.

Sbatudin ni wọ́n ń pe àṣà ọ̀hún. Pupa ẹyin àti ṣúgà ni, wọ́n á lù ú pọ̀ títí yóò fi wú, tí àwọ̀ rẹ̀ á mọ́. Ọmọ tí kò lókun ni wọ́n ń fún jẹ, àti àgbàlagbà, àti ẹni tí àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Abiyamọ náà ń jẹ ẹ́. Alba Di Pillo, tí òun àti ọkọ rẹ̀ Ado Campeol jọ ni ilé oúnjẹ Le Beccherie ní Treviso nígbà náà, sọ pé nígbà tí òun bímọ tí ó rẹ òun, ìyá ọkọ òun ló ń gbé irú ẹyin lílù bẹ́ẹ̀ fún òun, tó ń fi kọfí sí i. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, òun àti Roberto Linguanotto, tó ń ṣe ìpápánu dídùn níbẹ̀, sọ ọ́ di oúnjẹ tí wọ́n ń tò ní ìpele ìpele. Ọdún 1972 ni wọ́n gbé e síta fún oníbàárà. Wọn ò fi ọtí sí i, kí ọmọdé àti arúgbó lè jẹ ẹ́. Ẹyin àwọn aláìlera ló ṣì jẹ́ nínú abọ́ tuntun. Àwọn mìíràn ló wá ń da ọtí Marsala sí i lẹ́yìn náà.

Àwọn ará Friuli Venezia Giulia, ẹkùn tó múlé ti Veneto, ní tiwọn ló kọ́kọ́ wà. Wọ́n tọ́ka sí Norma Pielli, tó ń sè é ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Tolmezzo, ìlú kan níbẹ̀, láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ní ọdún 2017, ìjọba Ítálì kọ tiramisù mọ́ oúnjẹ ìbílẹ̀ Friuli, inú sì bí gómìnà Veneto nígbà náà, Luca Zaia. Ẹjọ́ Tolmezzo kì í ṣe èyí tí èèyàn lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Treviso ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀, ibẹ̀ náà sì ni mo ti rí gbòǹgbò orúkọ rẹ̀ kedere.

Àkọsílẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ oúnjẹ Ítálì fi pamọ́ ní Treviso lọ́dún 2010 ní pupa ẹyin 12, ṣúgà ìdajì kílò, mascarpone kílò 1, bísíkíìtì savoiardi 60, kọfí àti kòkó lílọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ tó ìdílé kan. Mascarpone ni ọ̀rá wàrà tí wọ́n gbé kaná, tí wọ́n sì fi nǹkan kíkan mú dì.

Ẹ lu pupa ẹyin pẹ̀lú ṣúgà dáadáa. Nítorí pé ẹyin tútù ni, ó sàn kí ẹ gbé abọ́ náà sórí ìkòkò omi tó ń hó kí ẹ máa lù ú lórí ooru náà títí yóò fi gbóná dáadáa, pàápàá bí aboyún tàbí ọmọdé yóò bá jẹ níbẹ̀. Bó bá tutù, ẹ rọra po mascarpone mọ́ ọn. Kọfí líle tó ti tutù ni kí ẹ lò. Ibi bísíkíìtì ló ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́: ẹ tì í bọ kọfí, ẹ yọ ọ́ kíá. Bó bá pẹ́ níbẹ̀, á rọ̀ wọ̀ọ̀, omi á sun jáde sí ìsàlẹ̀ abọ́. Ẹ tẹ́ bísíkíìtì, ẹ da ẹyin náà lé e, ẹ tún tẹ́ òmíràn, ẹ tún da ìyókù lé e. Ẹ gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Ẹ má tíì gbọn kòkó sórí rẹ̀ o, àfi nígbà tí ẹ bá fẹ́ bù ú, torí bó bá sùn mọ́jú lórí rẹ̀, á fa omi, á sì dúdú kiríkirí.