Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ọkọ̀ náà? Èsì fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi típà tàbí tírélà ṣòwò nílé

Ẹ kú àjò o. Arákùnrin wa tó wà ní Kánádà sọ pé òun ti ra típà kan, òun sì fẹ́ fi í lé àbúrò òun lọ́wọ́ ní Àkúrẹ́ kí ó máa fi kó yanrìn àti gúràníìtì fún àwọn tó ń kọ́lé. Ó wá bèèrè pé bí ọkọ̀ náà bá ṣe jàǹbá, ṣé òun tí òun kò sí nílé ni òfin yóò dì mú, àbí awakọ̀? Ó ti pé díẹ̀ tí mo ti ń bá àwọn ẹbí tó wà lókè òkun bójú tó ọkọ̀ akẹ́rù ní Àkúrẹ́ níbí, ìbéèrè yìí sì wà lára èyí tí mo fẹ́ kí ènìyàn bèèrè kí ó tó sanwó ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun méjì ni òfin yà sọ́tọ̀. Bí awakọ̀ bá wa ìwàkuwà tí ẹnìkan sì kú, ẹni tó wà nídìí sítíárìn ni ọlọ́pàá yóò gbé lọ sí ilé ẹjọ́ fún ẹ̀sùn ọ̀daràn, a kì í tìtorí rẹ̀ fi ọlọ́kọ̀ tí kò sí níbẹ̀ sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó yàtọ̀ pátápátá. Ẹni tí ọkọ̀ ṣe léṣe, tàbí ẹbí ẹni tó kú, lè pe awakọ̀ àti ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́ pọ̀, nítorí pé òfin gbà pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá bàjẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá náà ní láti dáhùn fún un. Bí orúkọ yín bá sì ti wà lórí ìwé ọkọ̀, ibi tí ilé ẹjọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ ni pé ẹ̀yin ni awakọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ fún, ẹ̀yin ni yóò sì fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Pé ẹ wà ní Kánádà kò yí i padà. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé awakọ̀ kò ní nǹkan kan tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí náà ẹni tó nílé ní Ìjàpọ̀ tàbí ní Ọ̀bà-Ilé ni yóò dojú kọ.

Mo rí èyí fúnra mi ní ọdún 2019. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló ni típà náà, èmi ni mo ń bójú tó o. Awakọ̀ gbé yanrìn lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà Ọ̀dà, ó dúró lórí ìdàgẹ̀rẹ̀, ó sì fi òkúta kan há táyà ẹ̀yìn nítorí pé igi wẹ́ẹ̀jì tó yẹ kí ó wà nínú ọkọ̀ ti sọnù láti ọjọ́ pípẹ́, lẹ́yìn náà ló sọ̀kalẹ̀ lọ gba owó. Òkúta náà fọ́. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀ ni, débi pé àwọn tó wà níbẹ̀ ń pariwo kí ó tó yára, títí ó fi wó ògiri ṣọ́ọ̀bù ìyá kan tó ń lọ ata, tí ó sì tẹ ẹ̀rọ ìlọta náà pẹlẹbẹ. Kò sí ẹni tó kú, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n itan ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ náà ṣẹ́. Mo yọ ìwé adójútòfò ọkọ̀, ìyẹn insurance, jáde ní àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú ìdánilójú. Nígbà tí a tẹ nọ́ńbà ọkọ̀ sí orí askniid.org, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò ń kó orúkọ gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n gbà sí, kò sí ọkọ̀ wa níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá wa ṣe ìwé ọkọ̀ ti fún wa ní ayédèrú. Ẹ̀gbọ́n mi ló san owó ògiri, owó ẹ̀rọ, owó ilé ìwòsàn, àti owó oúnjẹ ọmọ náà fún oṣù mẹ́rin tí kò fi lè ṣiṣẹ́, ó sì san án tán pátá láti inú owó oṣù tó ń gbà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Nítorí náà, ìwé adójútòfò ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ẹ̀yin fúnra yín, lórí fóònù yín níbi tí ẹ wà. Láti ọjọ́ 1 oṣù January 2023, NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò, ti fi iye lé èyí tí a ń pè ní third party, tó ń san fún ohun tí ọkọ̀ yín bá ṣe fún ẹlòmíràn: 15,000 náírà lọ́dún fún ọkọ̀ tí ènìyàn ń gbé ṣe ti ara rẹ̀, 20,000 fún ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀, àti 100,000 fún ọkọ̀ tó ń kó ẹrù ẹlòmíràn gba owó. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Àbúrò yín lè fẹ́ bá yín dín owó kù kí ó sì gba ti 20,000, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí ilé iṣẹ́ adójútòfò rí i pé yanrìn oníyanrìn ni ọkọ̀ kó, wọ́n ní ìdí láti kọ̀ láti san. Ti 100,000 náà máa ń san tó mílíọ̀nù 5 náírà fún dúkìá tí ọkọ̀ bá bàjẹ́. Ohun tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ padà sí ọrùn ọlọ́kọ̀. Kò tún ọkọ̀ yín ṣe, kò sì san owó ẹrù tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Bí ẹ bá ń gbé ẹrù olówó ńlá bíi kòkó láti Ìdànrè tàbí Oǹdó lọ sí Èkó, ẹ béèrè ìwé adójútòfò ti ẹrù lọ́tọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra láìsí wébílì tó kọ iye àpò àti orúkọ ẹni tó kó o sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kọ́ńpánì. CAMA ti ọdún 2020, òfin tó de kọ́ńpánì, gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá kọ́ńpánì sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpánì sílẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ó sì ti ṣe é láìwá sílé. Ẹ ṣọ́ra, nítorí pé business name tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe nítorí pé ó rọjú kò dá ààbò kankan bò yín: ẹ̀yin àti òwò náà jẹ́ ọ̀kan lójú òfin. Kọ́ńpánì tó ní Limited lẹ́yìn orúkọ ló dá dúró gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ọ̀tọ̀, tí gbèsè rẹ̀ kì í sábà kan ilé àti ilẹ̀ yín. Mo ní kì í sábà, nítorí pé bí ẹ bá gbọ́ pé bíréèkì kò dára tí ẹ sì ní kí wọ́n ṣáà máa gbé e jáde, ẹ̀bi ti yín lẹ jẹ níbẹ̀, orúkọ kọ́ńpánì kò sì ní bò ó. Ohun tí mo sì ń rí jù ni pé ènìyàn yóò dá kọ́ńpánì sílẹ̀ tán, ìwé ọkọ̀ yóò ṣì wà ní orúkọ tirẹ̀. Asán ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àyípadà orúkọ olówó ọkọ̀ sí ti kọ́ńpánì, kí owó ọkọ̀ máa wọ àpò ìfowópamọ́ kọ́ńpánì, kí ẹ sì máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC. Bákan náà ni bí ẹ bá ta ọkọ̀, tàbí tí ẹ gbé e fún dírẹ́bà kí ó máa san díẹ̀díẹ̀: títí ìwé yóò fi kúrò lórúkọ yín, ẹ̀yin ni wọn yóò wá.

Ẹ fún awakọ̀ ní ìwé iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá yín. Kí ó sọ ibi tó lè gbé ọkọ̀ dé, pé kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn wà, pé kò gbọdọ̀ fi kó ẹrù lẹ́yìn wákàtí iṣẹ́. Ẹ yẹ ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ wò: G ni ti tírélà, B tí a fi ń wa ọkọ̀ kékeré kò tó fún típà. Bí awakọ̀ tàbí mọ́tò bọ́ọ̀yì bá fi ara pa lẹ́nu iṣẹ́, òfin Employee's Compensation ti ọdún 2010 ló kàn án, ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni ọ̀gá sì ń san fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó òṣìṣẹ́ tó bá fara pa, láti wọ inú rẹ̀. Ẹ máa tọ́jú rìsíìtì mẹkáníìkì pẹ̀lú. Ẹni tó bá mọ òkè Akùngbá Àkókó mọ iye ìgbà tí bíréèkì ọkọ̀ ńlá ti já níbẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí lọ́yà wọn yóò bi yín ni ìgbà tí ẹ yẹ bíréèkì wò gbẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ ẹrù tún wà tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Oǹdó wa gan-an. Gẹdú tí wọ́n gé nínú igbó ọba láìgba àṣẹ lè mú kí wọ́n ti ọkọ̀ yín mọ́lé. Èyí tó le jù ni igbó mímu: òfin NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, gbà kí ìjọba gba ọkọ̀ tí wọ́n fi kó o pátápátá, àyàfi bí ọlọ́kọ̀ bá lè fi hàn pé òun kò mọ̀, òun kò sì fọwọ́ sí i. Ìwé iṣẹ́ awakọ̀ àti wébílì tí mo sọ lókè ni ẹ̀rí yín nígbà náà.

Ní ti àbúrò yín, ẹ fún un ní ìwé aṣojú tí àwọn lọ́yà ń pè ní power of attorney, kí ẹ sì fọwọ́ sí i níwájú notary public (ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé) tàbí ní ọ́fíìsì aṣojú ìjọba Nàìjíríà ní Kánádà, nítorí pé irú èyí ni òfin ẹ̀rí ti ọdún 2011 gbà láìjanpata. Ẹ kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ó lè gba ọkọ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí ó sì bá ilé iṣẹ́ adójútòfò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n pé kò lè ta ọkọ̀.

Ẹ bá a sọ ohun tí yóò ṣe lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Kí ó gbé ẹni tó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn, tí òfin ìlera ti ọdún 2014 kò gbà láyè láti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní pàjáwìrì. Kí ó ya àwòrán ibẹ̀ kí wọ́n tó wọ́ ọkọ̀ kúrò. Kí ó fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ adójútòfò lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó sì má fọwọ́ sí ìwé kankan tó ní a jẹ̀bi, tàbí tó dárúkọ iye owó, títí tí òun àti ẹ̀yin àti lọ́yà yín yóò fi sọ̀rọ̀ lórí fóònù.