"Itadakimasu" kì í ṣe "ẹ jẹun dáadáa" o

Arábìnrin tó béèrè, ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Kí gbogbo wa lè jọ mọ ohun tí à ń sọ: ẹ ní ẹ fẹ́ lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní Matsue, ìlú kékeré kan ní Japan, wọ́n sì ti sọ fún yín pé kí èèyàn tó jẹun níbẹ̀, á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, á tẹrí ba díẹ̀, á ní "itadakimasu". Ẹ wá ń bẹ̀rù pé ọmọ Jésù ni yín, ẹ ò fẹ́ lọ bá wọn bọ nǹkan tí ẹ ò mọ̀ lórí tábìlì oúnjẹ. Ìbéèrè gidi ni, kò sí ẹni tó máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó bí mi nínú ni àlàyé tí bọ̀dá yẹn ṣe fún yín nínú fídíò ẹ̀, bọ̀dá tó lo ọ̀sẹ̀ kan péré ní Tokyo tó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní ìtumọ̀ ẹ̀ ni "ẹ jẹun dáadáa", pé ẹni tó se oúnjẹ ló ń sọ ọ́ fún àlejò. Irọ́ ni jàre! Ẹni tó fẹ́ jẹun ló ń sọ ọ́. Ẹni tó sè é, "dozo" tàbí "meshiagare" ni tiẹ̀, ìyẹn gan-an ló sún mọ́ "ẹ máa jẹun". Tẹ́ ẹ bá lọ gbé oúnjẹ fún èèyàn tẹ́ ẹ wá sọ fún un pé "itadakimasu", ohun tẹ́ ẹ sọ ni pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ jẹ ẹ́.

Mo gbé Osaka fún ọdún mẹ́sàn-án, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara mọ́tò ni mo ti ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tí wọ́n ti ń fún wa lóúnjẹ ọ̀sán, mo sì ń sọ ọ́ bí ayékòótọ́ ni, mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Matsue gan-an ló là mí lójú, ìyẹn ni inú mi ṣe dùn pé ibẹ̀ lẹ ń lọ, ẹ ò gba Tokyo níbi tí ariwo ò ti ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú ẹ̀. "Itadaki" ni téńté, ibi tó ga jù lórí òkè, òun náà sì ni àtàrí èèyàn. "Itadaku" nígbà láéláé ni kéèyàn gbé nǹkan lé orí. Tí ẹni tó ga jù ọ́ lọ bá ta ọ́ lọ́rẹ, tàbí tí wọ́n fún ọ nínú ohun tí wọ́n gbé síwájú òrìṣà, ọwọ́ méjèèjì lo máa fi gbà á, wàá gbé e sókè kó ga ju orí ẹ lọ, orí ẹ á sì wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ti rìn títí tó fi di "mo gbà" lẹ́nu ẹni tó ń rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀, tó tún wá rìn dé ìdí oúnjẹ. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ní kí n túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, mi ò ní sọ pé "ẹ jẹun dáadáa" láé. Mo máa sọ pé "mo fi kan orí".

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sídìí ìyá ọlọ́jà, ṣé ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ? Ìyá mi ń ta ata rodo àti tàtàṣé. Owó àkọ́tà, bó jẹ́ náírà mẹ́wàá, ìyá mi ò ní sọ ọ́ sínú igbá bẹ́ẹ̀ yẹn. Á gbà á, á fi kan iwájú orí, á wúre sábẹ́ ahọ́n, lẹ́yìn náà ló máa tó wọ igbá. Tẹ́ ẹ bá bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀, kò ní mọ ohun tó máa fèsì. Kò bọ oníbàárà, kò bọ náírà. Ó kàn mọ̀ pé ohun tó wọlé sọ́wọ́ òun yìí, òun kọ́ ni òun dá a, orí gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i. Mi ò sọ pé orí tiwa tí à ń bọ ni wọ́n ń bọ ní Japan o, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Ohun tí ara ń ṣe ni mo ní ó jọra. Wọ́n gbé e ga, wọ́n rẹ orí sílẹ̀. Tó bá yé yín báyìí, gbogbo ìtẹríba tí ẹ máa rí ní Matsue ló máa yé yín, látorí bí ẹni tó ń ta nǹkan ṣe máa fọwọ́ méjì da ṣéńjì padà títí dé bí awakọ̀ bọ́ọ̀sì ṣe máa mi orí sí yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀.

Àwọn kan á tún sọ pé ẹ̀mí ẹran àti ẹja tí a fẹ́ jẹ ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn ará Japan fúnra wọn ń kọ́ àwọn ọmọ wọn bẹ́ẹ̀, mi ò bá wọn jà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú mi rí. Oṣù kọkànlá ni, òjò wínníwínní ń rọ̀, torí òjò ò jìnnà sí apá ibẹ̀ yẹn, mo wá yà sí ṣọ́ọ̀bù soba kékeré kan (soba ni núdù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ọkà buckwheat ṣe), tábìlì mẹ́rin péré, kò sí rédíò, kò sí tẹlifíṣàn, ìdákẹ́jẹ́ tó jẹ́ pé èèyàn á máa tijú láti fa àga. Bàbá arúgbó kan wọlé, ó bọ́ fìlà, ó jókòó lóun nìkan. Wọ́n gbé warigo fún un, ìyẹn soba ti Izumo, agbègbè ibẹ̀ yẹn, abọ́ ribiti mẹ́ta tí wọ́n tò léra. Soba ibẹ̀ máa ń dúdú díẹ̀ torí pé wọ́n ń lọ èèpo mọ́ ọn, wọn kì í sì í rì í bọ omi ọbẹ̀ bí ti ibòmíì, ọbẹ̀ ni wọ́n ń dà lé e lórí, tí abọ́ òkè bá tán, èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ wọ́n á dà á sórí ti ìsàlẹ̀. Bàbá yìí ò wo ẹnikẹ́ni. Ó pa ọwọ́ pọ̀, orí ẹ̀ lọ sílẹ̀, ètè ẹ̀ mì, ó tó bí ìgbà téèyàn mí kan, ló bá mú igi ìjẹun ẹ̀. Ẹni tó sè é wà lẹ́yìn aṣọ ní kíṣìnì, kò rí i. Èmi nìkan ni mo rí i, èmi náà sì ń ṣe bíi pé fèrèsé ni mò ń wò. Ẹran wo ló wà nínú soba tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀? (Mo mọ̀ pé ẹja wà nínú omi ọbẹ̀ ẹ̀, ẹ má dá mi lóhùn.) Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìyá mi àti náírà mẹ́wàá, ọbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ há mi lọ́nà ọ̀fun.

Lọ́jọ́ kejì ni mo lọ mu tíì. Ẹ gbọ́, ní Matsue tíì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́lá. Olúwa ìlú wọn ìgbà kan, ẹni keje nínú ìdílé Matsudaira tó jọba lórí wọn, tí wọ́n mọ̀ sí Fumai, tó gbé ayé láti 1751 sí 1818, ó fẹ́ràn tíì ju bó ṣe yẹ lọ. Òun ló ní kí wọ́n kọ́ Meimei-an, ilé tíì kékeré olórùlé koríko, ní 1779, ó ṣì wà lórí òkè kan nítòsí odi ọba títí di òní. Látọ̀dọ̀ ẹ̀ ni àṣà náà ti ràn dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù, tó fi jẹ́ pé ìyá àgbà lásán á po matcha, tíì aláwọ̀ ewé tí wọ́n lọ̀ kúnná, nínú ilé ẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀, á tún po òmíì láago mẹ́ta, bí a ṣe ń mu gààrí lọ́sàn-án. Wọ́n á kọ́kọ́ fún yín ní wakakusa, ohun dídùn tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe tí wọ́n da ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé bò. Tíì yẹn korò o, ẹ jẹ èyí tó dùn tán kẹ́ ẹ tó mu ún. Ṣùgbọ́n abọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, ẹ fi ọ̀tún dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ wá gbé e sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ tẹrí ba fún un, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yí i kí ẹnu yín má baà kan ojú tó dára jù lára ẹ̀. Gbígbé sókè yẹn, ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè é? "Oshi-itadaku." Ọ̀rọ̀ kan náà ni! Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ẹnu sọ nídìí oúnjẹ, ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ nídìí tíì. Àbúrò mi obìnrin ní mo ti sọ èyí fún òun lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó dáa, ẹ̀yin ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan.

Lẹ́yìn oúnjẹ, "gochisosama" lẹ máa sọ. Èyí ò kan orí, ẹsẹ̀ ló kàn: "chiso" ni kéèyàn máa sáré sókè sódò, torí ẹni tó fẹ́ ṣe àlejò nígbà náà ní láti sá lọ wá ẹja, sá lọ wá iyọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí eré yẹn lójú ayé, ẹ jí ní kùtùkùtù kẹ́ ẹ lọ sétí adágún Shinji, ẹ máa rí àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n tú ká sójú omi, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan dúró nínú tiẹ̀, ó ń fi agbọ̀n onírin tó ní igi gígùn ha ìsàlẹ̀ omi. Shijimi ni wọ́n ń wá, ohun abìkarahun dúdú kékeré bí èékánná, tó ń gbé níbi tí omi òkun àti omi odò ti pàdé. Wọ́n ti fi òfin dé bí wọ́n ṣe lè kó tó lóòjọ́ kó má baà tán. Òun ló máa wà nínú ọbẹ̀ miso àárọ̀ yín ní òtẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà nígbà tẹ́ ẹ bá ní "gochisosama", ẹni tó dìde láàárọ̀ yẹn náà wà nínú ẹ̀. Alásè á fèsì pé "osomatsusama", bí ẹni ń sọ pé nǹkan yẹn ò tó nǹkan.

Tiwa ńkọ́? Nígbà tí a wà ní kékeré, ẹ ò lè dìde nídìí oúnjẹ láìsọ pé "ẹ ṣé mà, ẹ ṣé sà". Èmi sọ ọ́ lójú oorun rí. Bàbá mi á sì dáhùn pé "á gba ibi ire lọ". Ẹ wo ìdáhùn yẹn o, ó ń gbàdúrà fún oúnjẹ pé kó mọ ọ̀nà nínú ara ọmọ òun. Lọ́dún tó kọjá mo jẹun ní ilé ẹ̀gbọ́n mi kan, àwọn ọmọ mẹ́ta jẹun tán, fóònù lọ́wọ́, wọ́n gbéra, kò sẹ́ni tó la ẹnu. Èyí tó kéré jù lọ ni mo pè padà, mo ní kí ló yẹ kó sọ. Ó ní "tánkíù". Ìyá ẹ̀ dáhùn pé "yúù wẹ́ẹ́kọ́ọ̀mù". Mo dákẹ́ ni. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, àwọn àgbà ti sọ ẹni tó jọ, àmọ́ ọmọ yẹn dúpẹ́ kẹ̀, ṣe ni ibi ire ò sí nínú ẹ̀ mọ́. Bàbá arúgbó onísoba yẹn ń sọ tiẹ̀ fún àga òfìfo, àwa tí ìyá wa jókòó síwájú wa là ń gbà gbé.

Ẹ jẹ́ kí n dá ìbéèrè yín lóhùn kó tó di alẹ́. Ẹ sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ lónìí, kò sí òrìṣà kankan nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbàdúrà tiyín sínú, ẹ gbà á, wọ́n á rò pé ẹ mọ àṣà wọn ju àwọn ọmọ wọn lọ. Ẹ̀sìn gidi wà ní Izumo Taisha, ojúbọ ńlá tí kò jìnnà síbẹ̀. Níbẹ̀ wọ́n á tẹrí ba lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ní ọ̀pọ̀ ojúbọ yòókù. Wọ́n ní ibẹ̀ ni gbogbo òrìṣà ilẹ̀ náà ń ti ṣèpàdé ní oṣù kẹwàá ìlànà òṣùpá. Ìyẹn lẹ lè dúró wò láìṣe. Lafcadio Hearn, òyìnbó tó wá kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ní Matsue ní 1890 tó wá di Koizumi Yakumo, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtẹ́wọ́ àwọn tó ń kí oòrùn láàárọ̀ ni òun ń gbọ́ látetí odò; ilé tó gbé ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi. Ẹ má ṣáà pàtẹ́wọ́ lórí oúnjẹ. Ẹ pa ọwọ́ pọ̀ ni, kó má dún. Ọ̀rọ̀ pé kẹ́ ẹ má ki igi ìjẹun bọ àárín ìrẹsì, ibi gbogbo ni wọ́n ti kọ ọ́, ẹ lọ kà á.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mú àwọn ìyá àgbà ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ má sọ "arigato", ẹ ní "dandan". Bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ ní ẹ̀ka èdè Izumo nìyẹn. Ẹ pè é bí ẹ ṣe ń pe dandan tiwa, wọ́n á gbọ́. Mo bẹ bọ̀dá onífídíò, kó má lọ sọ pé Yorùbá ló bí wọn.

Ẹ tún wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń yí odi ọba dúdú tí wọ́n kọ́ parí ní 1611 ká, nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú ni. Àwọn afárá kan wà lọ́nà tó rẹlẹ̀ gan-an, tí wọ́n bá dé ibẹ̀, awakọ̀ á rẹ òrùlé ọkọ̀ wálẹ̀, gbogbo èrò, ọlọ́lá àti tálákà, á dojú délẹ̀ títí wọ́n á fi kọjá. Ẹ má we gèlè lọ o.