Kì í ṣe ẹyẹ tó ní ìyẹ́ ẹyọ kan: ìdáhùn lórí ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: kí ni ìtumọ̀ òwe Gẹ̀ẹ́sì tó sọ pé "Birds of a feather flock together"? Kí ló sì dé tí "join in", "join up" àti "join together" fi yàtọ̀ síra nígbà tó jẹ́ pé "join" kan náà ló wà nínú gbogbo wọn? Ẹni tó béèrè tún fi "gung ho" kún un.

Ẹnì kan ti sáré dáhùn pé ẹyẹ tí ìyẹ́ ara rẹ̀ tán, tó ku ẹyọ kan ṣoṣo, ni òwe náà ń bá wí. Ó ní irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ kò lè dá fò, ìdí nìyẹn tó fi ń wá ẹgbẹ́ kiri. Àlàyé náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni pé wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ kọ́ ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kiri mọ́.

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn ń fò kọjá nínú òwe yẹn ni "a". Inú "ān", tó túmọ̀ sí "ọ̀kan" nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ni "a" àti "an" ti jáde wá. Fún ìgbà pípẹ́ ni "a" fi lè dúró fún "ọ̀kan náà" tàbí "irú kan náà", ó sì kù sínú àwọn àkànlò èdè kan títí dòní. "Two of a kind" ni méjì tó jẹ́ irú kan náà. "They are of an age" ni pé ẹgbẹ́ ni wọ́n lọ́jọ́ orí. "We are of a mind" ni pé èrò wa ṣọ̀kan. Nítorí náà, "birds of a feather" ni àwọn ẹyẹ tí ìyẹ́ wọn jẹ́ irú kan náà. "Flock" tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀-ìṣe ni: kí ẹyẹ máa kó jọ, kí wọ́n máa lọ lọ́wọ̀ọ́.

Ẹ̀rí wà. Ní 1545, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ William Turner kọ òwe yìí sílẹ̀ báyìí: "Byrdes of on kynde and color flok and flye allwayes together." "On" tó wà níbẹ̀ ni à ń kọ ní "one" lónìí. Ẹyẹ ìran kan, aláwọ̀ kan, wọn a máa kó jọ, wọn a sì jọ máa fò. Turner mọ ohun tó ń sọ, nítorí pé ní 1544, ọdún kan ṣáájú, ó ti tẹ ìwé kan jáde lédè Látìn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹyẹ nìkan ló kún inú rẹ̀. Bí ẹni tó ń fi ojú ara rẹ̀ wo ẹyẹ bá sọ pé irú kan náà ló ń kó jọ, ibo wá ni ẹyẹ tó ní ìyẹ́ ẹyọ kan ti wọlé? Yorùbá náà sọ ọ́ kedere: ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ tọ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ lo ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ṣọ́ra. Àwọn tó ni èdè sábà máa ń fi bá ẹni tó ń kó ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ wí ni. Bí ẹ bá sọ ọ́ nípa ọ̀gá yín àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n lè rò pé ẹ̀ ń bú wọn.

Bí "a" ṣe gbé gbogbo ìtumọ̀ òwe yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ń gbé ìtumọ̀ nínú gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tó jẹ mọ́ ìsopọ̀. Ẹ má tẹjú mọ́ "join" nìkan. Ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì bi ara yín pé: ta ló ti wà níbẹ̀ kí ẹlòmíràn tó dé?

"Join" lásán ni pé ohun kan ti wà nílẹ̀, ẹnì kan wá bọ́ sínú rẹ̀: "join us", "join the queue". Kò nílò "with". "Join with us" tí ọ̀pọ̀ ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń pe èèyàn wọ ẹgbẹ́ kò dára. Ibi tí "join with" ti tọ̀nà ni ibi tí ẹ̀yin àti ẹlòmíràn bá jọ fẹ́ ṣe ohun kan: "Please join with me in thanking her." "Join in" ní tirẹ̀, orin tàbí eré ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá bá wọn dá sí i. "Join up" ń so orí kan mọ́ ìkejì títí àlàfo kò fi sí mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ìkọ̀wé tí lẹ́tà inú rẹ̀ so mọ́ra ní "joined-up writing". Ó tún ń dúró fún wíwọ iṣẹ́ ológun: "He joined up in 1914."

Àwọn kan ní "join together" jẹ́ àsọtúnsọ, pé "join" nìkan ti tó. Mi ò gbà. Nínú "join", ẹnì kan dúró, ẹnì kan dé. Nínú "join together", kò sí ẹni tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀: àwọn méjèèjì ló kúrò ní àyè wọn. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti 1611, Mátíù 19:6, "joined together" ni wọ́n lò fún tọkọtaya, wọ́n sì fi "asunder", ìyẹn "sọ́tọ̀ọ̀tọ̀", ṣe òdìkejì rẹ̀. Àwa náà mọ ìyàtọ̀ láàárín "dara pọ̀ mọ́" àti "para pọ̀", nítorí náà kò yẹ kó ṣòro fún wa.

Ibi tí àṣìṣe ti burú jù ni "gang up". Ẹ óò rí ẹni tó kọ ọ́ pé "Let us gang up and help him", oore sì di ọ̀tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. "Gang up on" ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn para pọ̀ gbógun ti ẹnì kan, "on" yẹn ló sì ń fi ẹni tí ẹrù náà wó lù hàn. Fún ẹni tó wà nínú ìṣòro, "rally round" ni kí ẹ sọ. "Round" ni yíyí ká, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì yí i ká. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń sọ "rally around". Bí owó bá ni kálukú fẹ́ dá, "chip in" ni. Bí iṣẹ́ bá ni, "pitch in". Ẹ fi "hook up" sílẹ̀ nínú lẹ́tà iṣẹ́, nítorí lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́, ìbálòpọ̀ ló sábà ń túmọ̀ sí.

"Pull together" fẹ́ àfiyèsí. Bí kò bá ní àbọ̀, ó ń bá àwùjọ wí pé kí wọ́n fọwọ́sowọ́pọ̀. Bí "yourself" bá wọ àárín, ẹnì kan ṣoṣo ló kàn: "Pull yourself together" ni kí onítọ̀hún ṣe ọkàn gírí, nítorí pé ọkàn rẹ̀ ló ti fọ́n ká. "Hang together" náà ní ọ̀nà méjì: àwọn èèyàn tó dúró ti ara wọn, tàbí ìtàn tí kò ta kora. Ní ti àbọ̀, ẹ lè sọ "put the pieces together" tàbí "put together the pieces", ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ, àárín nìkan ni àyè rẹ̀: "put them together". "Put together them" kò sí.

Ìwé atúmọ̀ èdè ń sọ gbogbo èyí, àmọ́ ta ló ń ṣí i mọ́? Ọgọ́rùn-ún àkànlò ni wọ́n ń tò fún ọmọ lórí fóònù, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì méjì, láìsí gbólóhùn kan tó fi ìlò hàn. Ìdí nìyẹn tí "altogether" àti "all together" fi ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá lè yọ "all" kí gbólóhùn náà ṣì dúró, ẹ kọ ọ́ ní méjì: "They were all together in the room." Bí kò bá lè dúró, "pátápátá" ló túmọ̀ sí, ẹ kọ ọ́ ní ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni "together with" kì í sọ olùwà di púpọ̀: "The chairman, together with his deputies, is here." Alága ló ṣì ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà.

"Two heads are better than one" àti "Many hands make light work" kò nílò àlàyé púpọ̀; àwọn méjèèjì ti wà nínú òwe tí John Heywood kó jọ ní 1546. "In the same boat" kì í ṣe ìfọwọ́sowọ́pọ̀ o, ìṣòro kan náà ló bá wọn.

Ó ku "gung ho". Ìkékúrú orúkọ àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ onílé-iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ṣáínà ní 1938 ni. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ méjèèjì ni "iṣẹ́" àti "ìsopọ̀". Evans Carlson, ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà, gbà á bí ìgbà tí wọ́n sọ pé "ẹ jẹ́ ká jọ ṣiṣẹ́", ó sì sọ ọ́ di àkọmọ̀nà àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní 1942. Ìtara tí wọ́n mọ̀ mọ́ wọn ló yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. Lónìí, ẹni tí wọ́n bá pè ní "gung ho" ni ẹni tí ìtara rẹ̀ pọ̀ jù, tó ń kánjú kó sí nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ yin ẹni tó mọ bí a ti ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹ pè é ní "a good team player".