Mo ti mọ gbogbo nóòtì, kí ló dé tí píánò mi ò sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ́gáànù ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti ń lu hímù fún kọ́áyà wa, àìpẹ́ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ píánò classical. Mo ti mọ Prelude tí Chopin kọ, orin píánò kúkúrú tó wà ní E minor yẹn (Op. 28 No. 4), lórí, mi ò ṣi nóòtì kankan, àmọ́ tí mo bá gbà á sórí fóònù tí mo tún gbọ́ ọ, bákan náà ló ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tíṣà mi ní kí n fi ìmọ̀lára sí i. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ìyẹn gan-an? Kíbọ́ọ̀dù ni mo fi ń dánra wò nílé.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ìsapá. Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n kàn sọ fún èèyàn pé kó "fi ìmọ̀lára sí i" kí wọ́n sì dákẹ́ síbẹ̀, torí akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa mirí, á máa dijú, ohùn píánò ò sì ní yàtọ̀ rárá. Ohun tí ọwọ́ wa ká lórí píánò ò pọ̀: bí ohùn ṣe ròkè tó, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, àti pẹ́dà. Inú ẹ̀ náà ni gbogbo ohun tó ń wọ̀ wá lára nígbà tí ọ̀gá bá ń lù ú ti ń jáde.

Mo fura pé ọ́gáànù ló kọ́ ẹ ní àṣà yẹn. Lórí ọ́gáànù, o rọra tẹ̀ ẹ́ ni o, o gbá a mọ́lẹ̀ ni o, ohùn kan náà ló máa jáde, stop (bọ́tìnnì tó ń yan ohùn) àti ẹsẹ̀ la fi ń mú un ròkè, torí náà ìka ẹ ò tíì mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni. Nígbà ìsìnkú Chopin ní Paris ní 1849, orí ọ́gáànù ni wọ́n ti lu prelude yìí o, ó sì ṣeé lù níbẹ̀, àmọ́ ìka ni Chopin kọ ọ́ fún. Ní nǹkan bí ọdún 1700 ni Bartolomeo Cristofori ní Florence ṣe ohun èlò tí òòlù kéékèèké ti ń lu wáyà, kí ẹni tó ń lù ú lè fi ìka pinnu bóyá kó rọ̀ tàbí kó le. Kíì píánò ò wọlẹ̀ ju bíi mìlímítà 10 lọ, kó sì tó kanlẹ̀ ni òòlù ti já, tó ń dá lọ bá wáyà. Bí kíì ṣe yára wọlẹ̀ sí ló ń pinnu bí ohùn ṣe máa pọ̀ tó. Tó bá ti dún tán, o ò lè fi agbára kún un mọ́, àwọn tó ń fún kíì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ọrùn-ọwọ́ wọn ni wọ́n ń fìyà jẹ.

Ó yá, wo ìbẹ̀rẹ̀ orin yẹn. Ọwọ́ òsì ń lu kọ́ọ̀dù mẹ́jọ nínú báà kan (ìpín kékeré kan nínú orin), nóòtì mẹ́ta-mẹ́ta nínú kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ọ̀tún ò ní ju nóòtì méjì lọ, B tó gùn àti C kékeré kan. Nóòtì 24 dojú kọ 2! Tóo bá lu gbogbo ẹ̀ bákan náà, báwo la ṣe fẹ́ gbọ́ ọwọ́ ọ̀tún? Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, tí omele bá bò ó mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ oríkì tó ń kì. Lu ọwọ́ ọ̀tún kó dún ketekete, kí ọwọ́ òsì kàn máa fọwọ́ kan orí kíì láì jẹ́ kó dún rárá, ó máa kọ́kọ́ ṣòro gan-an torí ọwọ́ méjèèjì fẹ́ ṣe ohun kan náà, má dá a lóhùn, máa bá a lọ títí wọ́n á fi yà síra wọn, kóo wá jẹ́ kí òsì bẹ̀rẹ̀ sí í dún díẹ̀díẹ̀. Má gbé ìka òsì kúrò lórí kíì. Lórí grand (píánò ńlá tí wáyà ẹ̀ tẹ́ sílẹ̀), kíì ò ní láti gòkè tán kóo tó tún un lù, Érard tó ń ṣe píánò ló mú ìyẹn jáde ní 1821, àmọ́ ti upright (èyí tí wáyà ẹ̀ dúró lóòró), jẹ́ kó gòkè dáadáa.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù sí mi ni pé ohùn píánò ń kú lọ látìgbà tó ti jáde, ti ọ́gáànù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. B yẹn máa dún fún kàá mẹ́ta (bí a ṣe ń ka ìlù orin: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta), nígbà tó bá fi máa kan C, ó ti lọ sílẹ̀ púpọ̀, tóo bá wá lu C pẹ̀lú agbára tóo fi lu B, á ta yọ, á já orin náà sí méjì. Tẹ́tí sí ibi tí B kú dé, ibẹ̀ gan-an ni kí C ti gbà á. B tó tẹ̀lé e náà, má tẹ̀ ẹ́ torí pé ó bọ́ sí kàá àkọ́kọ́. Kọ ọ́ lẹ́nu kóo tó lù ú, kóo mọ ibi tí èémí ẹ ti fẹ́ tán. Ọwọ́ òsì náà, gbọ́ nóòtì tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kọ́ọ̀dù, ó sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìka tó bá ń yí yẹn ni kóo fún ní ọ̀rọ̀ sọ díẹ̀.

Báà 25 péré ni orin yìí. p (kó rọ̀) ni Chopin fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó di báà 17 kó tó kọ f (kó ròkè), pp (kó rọ̀ gan-an) ló fi parí ẹ̀. Tóo bá ti ná gbogbo agbára ẹ ní báà 9, kí lo fẹ́ fi ṣe báà 17? Tóo bá débẹ̀, jẹ́ kí ìwúwo apá wọ inú ìka, má fi ìka nìkan gbá a. Nígbà tó bá ku kọ́ọ̀dù mẹ́ta ìparí, ó fi ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, jọ̀ọ́, má sáré kọjá ẹ̀, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà kó lè dákẹ́ lóòótọ́.

Ti kíbọ́ọ̀dù wá ńkọ́? Rọra tẹ kíì kan, kóo tún gbá a, láì fọwọ́ kan fọ́lúùmù. Tí ohùn méjèèjì bá rí bákan náà, wọ inú menu, wá ibi tí wọ́n kọ touch sí (òun ló ń jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù mọ bí ìka ṣe le tó), ó lè jẹ́ pé wọ́n ti pa á. Tí kò bá ní touch rárá, gbogbo ohun tí mo sọ sókè yìí ò lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, fi máa ka nóòtì nìkan, kóo sì bẹ tíṣà ẹ kí wọ́n bá ẹ wá píánò gidi tí wàá lè máa jókòó sí, kó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀.