Ṣé Mùsùlùmí lè gba pátẹ́ǹtì lórí ìlẹ̀kùn ọkàn tí a fi ara ẹran ṣe?

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùm, Àáfà wa. Níbi iṣẹ́ wa, awọ tó bo ọkàn màlúù, àti nígbà mìíràn ọkàn ẹlẹ́dẹ̀, ni a fi ń ṣe ìlẹ̀kùn kékeré tí àwọn dókítà ń rán sínú ọkàn aláìsàn. Wọ́n ní kí orúkọ mi wọ ìwé pátẹ́ǹtì rẹ̀, ìyẹn ìwé ìjọba tó fún olùṣàwárí ní ẹ̀tọ́ lórí ohun tó ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo fẹ́ sọ ohun tí Ọlọ́hun dá di tèmi.

Ìdáhùn: Wa àlékùmù sàlámù. Arákùnrin mi, ìbẹ̀rù yìí dára, ṣùgbọ́n jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Màlúù àti awọ rẹ̀, Ọlọ́hun ló ni ín, kò sì sí ìwé tó lè gbé e fún ọ. Ohun tí o lè pè ní tìrẹ ni ọgbọ́n tí o fi tún un ṣe: bí o ṣe gé e, bí o ṣe rán an, àti bí o ṣe fi oògùn glutaraldehyde pa á mọ́ tí kò fi rà, tí ara aláìsàn kò sì kọ̀ ọ́. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà náà dájọ́ ní ọdún 2013 pé a kò lè gba pátẹ́ǹtì lórí DNA ènìyàn (ohun inú ara tó ń gbé àbùdá wa) gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú ara. Àjọ àwọn onímímọ̀ fíkíhì (òfin Ìsìláàmù) àgbáyé sì fẹnu kò ní Kuwait ní ọdún 1988 pé ẹ̀tọ́ tó níye lórí ni ẹ̀tọ́ olùṣàwárí, àti pé kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni rú u.

Ní ti ara màlúù, ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rí òkú àgùntàn kan, ó béèrè ìdí tí wọn kò fi mú awọ rẹ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n sì lò ó, ó ní jíjẹ rẹ̀ nìkan ni èèwọ̀. Mo rántí hádíìsì yìí nítorí pé àwọn tó ń tọ́jú awọ bàtà náà ń lo glutaraldehyde. Bẹ́ẹ̀ náà ni Arfaja ọmọ As'ad, tó pàdánù imú rẹ̀ lójú ogun Kulab: imú fàdákà tó ṣe rùn, Ànábì sì ní kí ó fi wúrà ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wúrà jẹ́ èèwọ̀ fún ọkùnrin láti fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Ẹlẹ́dẹ̀ ló ṣòro. Aláìsàn tí kò rí òmíràn lè gbà á nítorí lálúrì (ìnira tí kò ní ọ̀nà àbáyọ mìíràn), gẹ́gẹ́ bí aayá 173 nínú Súúrátùl-Bákárà ti yọ̀ǹda fún ẹni tí ìnira bá mú. Ṣùgbọ́n aláìsàn ló ni lálúrì yẹn, kì í ṣe ẹni tí ń jèrè. Ní ọdún tí wọ́n ṣẹ́gun Mẹ́kà, Ànábì kéde pé Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ti ṣe títa ẹlẹ́dẹ̀ ní èèwọ̀, owó pátẹ́ǹtì sì sún mọ́ owó ọjà jù lójú mi, pàápàá nígbà tí ti màlúù ń ṣiṣẹ́ náà.

Nítorí náà, bẹ àwọn ọ̀gá rẹ pé kí wọ́n pín ìwé náà sí méjì, kí orúkọ rẹ wà lórí ti màlúù nìkan.